"No Signal" láàrin gémù: ṣé káàdì ló kú ni, àbí iná ni ò tó o?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, Under G níbí ni mò ń gbé. Mo ra kọ̀ǹpútà gémù kan, tòkunbọ̀ ni, káàdì gráfíìsì RTX 3070, èyí tó ń gbé àwòrán jáde, ló wà nínú ẹ̀, prósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600X, páwà sọ́pláì tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀ jẹ́ 500 wáàtì. Tí mo bá ń gbá gémù bọ́ọ̀lù kò sí wàhálà, mo lè gbá a di òru. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi gémù ogun sí i, kì í pẹ́ rárá, ojú mọ́nítọ̀ á kàn ṣókùnkùn, á kọ No Signal, fáànù káàdì á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo gidi, ohùn gémù á ṣì máa jáde díẹ̀ kó tó dákẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní mọ́nítọ̀ ni, mo ra òmíì, nǹkan kan náà ló ń ṣe. Ẹnìkejì ní RAM ni. Ẹnìkẹta ní káàdì ti ń kú lọ, kí n tètè tà á kó tó bàjẹ́ pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Owó ti tán lọ́wọ́ mi."

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Owó tó o ná sórí mọ́nítọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí mọ́nítọ̀ ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Ohun tí mo rí pé ó ń bà ẹ́ lẹ́rù ni pé bóyá òkú ọjà ni wọ́n tà fún ẹ, àti pé tó o bá tún fọwọ́ kan nǹkan míì, owó míì á tún lọ. Mi ò lè bá ẹ búra pé káàdì yẹn ò ní àrùn kankan lára, ṣùgbọ́n ohun tó o kọ yìí ò tíì jọ òkú káàdì lójú mi, ó jọ káàdì tí iná ò tó, tí kò bá sì jẹ́ iná, a jẹ́ pé ooru ni, àwọn méjèèjì yẹn la sì lè dán wò láìná kọ́bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kó o tà á.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ mọ́nítọ̀ kúrò ńlẹ̀. Mọ́nítọ̀ ní iná tiẹ̀, ó ní bọ́ọ̀dù tiẹ̀ nínú, òun fúnra ẹ̀ ló ń kọ No Signal yẹn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Rédíò tó dákẹ́ torí pé ilé iṣẹ́ rédíò ti kúrò lórí afẹ́fẹ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀, èèyàn kì í gbé irú rédíò bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Mọ́nítọ̀ tó bàjẹ́ lóòótọ́, ojú ẹ̀ á ṣú láìkọ nǹkan kan, tàbí á máa fa ìlà, àbí kí iná ẹ̀yìn ẹ̀ kú tí wàá sì ṣì máa rí àwòrán fírífírí tó o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Wáyà HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, tí ò bá dáa náà ní ìwà tiẹ̀, á ṣẹ́jú, àwòrán á lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, á padà wá, gémù á sì ti máa lọ ní tiẹ̀. Kódà àga onígáàsì táwọn onígémù fẹ́ràn yìí, tó o bá dìde lórí ẹ̀ lójijì, iná kékeré tó ń ta lára ẹ̀ lè mú kí mọ́nítọ̀ ṣú díẹ̀ kó tó padà, nǹkan gidi ni, kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń mú fáànù káàdì pariwo nínú gbogbo wọn. Fáànù yẹn ni ẹlẹ́rìí tó yẹ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ RAM, mẹ́mórì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ò ní í gbà wá lásìkò. RAM tó ń ṣàìsàn, gémù ló sábà máa ń já padà sí desktop, tàbí kí Windows gbé ojú búlúù jáde, nígbà míì faili á máa bàjẹ́ tí o ò ní mọ ohun tó fà á. Tí XMP, ètò tó ń mú RAM sáré sí i, bá wà ní títàn nínú BIOS, ojú ètò tó ń ṣí kí Windows tó tàn, pa á fún ọjọ́ kan kó o fi gbá gémù ogun yẹn, tí nǹkan kan náà bá ṣẹlẹ̀, tan án padà kó o gbàgbé RAM.

Wàyí o, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lásìkò tí ojú ẹ̀ ṣú? Fáànù ara káàdì, ètò inú káàdì fúnra ẹ̀ pẹ̀lú driver, ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ló ń sọ fún un pé kó rọra fẹ́ tàbí kó yára. Tí chip orí káàdì, ọpọlọ ẹ̀ nìyẹn, bá dáwọ́ dúró lójijì tí kò dáhùn mọ́, ẹni tó ń sọ fún fáànù ò sí mọ́ nìyẹn, ètò ààbò orí káàdì á wá ta á dé òpin kí nǹkan má bàa jóná. Windows náà á ti máa retí ìdáhùn, ìṣẹ́jú àáyá 2 ló máa ń fún káàdì, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á gbìyànjú láti jí driver dìde. Tó bá jí, àwòrán á padà, ìwọ náà á kàn rò pé nǹkan kan ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé káàdì fúnra ẹ̀ ló ti já kúrò lọ́dọ̀ motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo nǹkan so mọ́, kò sẹ́ni tí Windows máa jí, prósẹ́sọ̀ á ṣì máa bá iṣẹ́ tiẹ̀ lọ fúngbà díẹ̀, ìyẹn lo fi ń gbọ́ ohùn. O ò sọ fún mi bóyá earpiece lo fi ń gbọ́ ọ, àmọ́ ó dá mi lójú pé kì í ṣe inú mọ́nítọ̀ ni ohùn yẹn ti ń jáde, torí ohùn tó bá gba inú HDMI kọjá, òun àti àwòrán jọ ń lọ pa pọ̀ ni.

Tó bá tún ṣe é, má tíì di bọ́tìnnì páwà mú. Kọ́kọ́ tẹ Num Lock lórí kíbọ́ọ̀dù, kó o wò ó bóyá iná ẹ̀ ń tàn tó sì ń kú. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn náà tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn á tún driver gráfíìsì bẹ̀rẹ̀, tí àwòrán bá padà wá, ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ driver ju iná lọ, tí kò bá padà, á jẹ́ pé káàdì ti já kúrò lọ́dọ̀ motherboard lóòótọ́. Tó o bá ti wá tan án padà, fi máòsì ọwọ́ ọ̀tún tẹ Start, ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, wọ Windows Logs, kó o wọ System, kó o wo aago tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Display 4101 túmọ̀ sí pé driver dákẹ́, wọ́n sì jí i. Tó o bá rí nvlddmkm, driver NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ṣe chip RTX, ló ń ké pé òun ò rí káàdì bá sọ̀rọ̀ dáadáa. Èyí tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù ni Kernel-Power 41, wọ́n á rí "Power" níbẹ̀, wọ́n á ní páwà sọ́pláì ti bàjẹ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ, ìwọ náà tó o di bọ́tìnnì mú títí tó fi kú, o ti dá 41 sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tó o kọ, kì í ṣe No Signal, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ogun yẹn ni. Gémù bọ́ọ̀lù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá a dúró sí férémù 60, ìyẹn àwòrán 60 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì bíi 3070 ò ní í lo ìdajì agbára ẹ̀ fún un, ara ẹ̀ á tutù, iná tó ń fà á kéré. Gémù ogun tí wọn ò dá férémù ẹ̀ dúró, gbogbo 220 wáàtì tí NVIDIA kọ fún 3070 ló máa fà, nígbà tí ìbọn bá ń dún tí ilé ń wó á tún máa fò sókè sódò. Káàdì tí chip ẹ̀ ti bàjẹ́ gidi, kì í fi bẹ́ẹ̀ yan gémù, á máa ya àwọ̀ burúkú sójú mọ́nítọ̀, nígbà míì kódà tó o bá ń wo fídíò lásán. Tìẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí wọ́n fi ní kó sáré. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé iná ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ̀yin tó ń ṣírò máa sọ pé 220 ti káàdì, 76 tí 5600X lè fà, fáànù, SSD àti motherboard, gbogbo ẹ̀ ò lè fi bẹ́ẹ̀ ju 350 lọ, 500 sì ju 350 lọ. Ìṣirò yẹn ò burú, ṣùgbọ́n ibi méjì ló ti ń tan èèyàn. Ìkíní, 500 tí wọ́n kọ sára páwà tó bá kéèsì wá, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà fún káàdì. Yí páwà yẹn, wo síkà ara ẹ̀, wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, iná fóòtì 12 tó ń bọ́ káàdì àti prósẹ́sọ̀ nìyẹn, fi 12 sọ áńpíà tó wà níbẹ̀ dọ̀pọ̀. Tí wọ́n bá kọ 30A, 360 wáàtì péré lo ní fún káàdì àti prósẹ́sọ̀, ìyẹn tí ẹni tó ṣe é bá sọ òótọ́, àwọn páwà olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé irọ́ funfun ló wà lára síkà wọn. Ìkejì, 220 yẹn, àròpín ni. Láàrin ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, káàdì lè fò kọjá ẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀ kalẹ̀, ìdílé RTX 30 sì lókìkí fún un, 3080 àti 3090 ló le jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ò kéré, nígbà tí Intel gbé ATX 3.0, ìlànà fún àwọn tó ń ṣe páwà sọ́pláì, jáde lọ́dún 2022 wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ bí páwà tuntun ṣe gbọ́dọ̀ fara da irú fífò bẹ́ẹ̀. Páwà àtijọ́ tàbí èyí tí ò dáa, tí káàdì bá fò báyìí, 12V á rẹlẹ̀ kọjá 11.4 fóòtì tó jẹ́ òpin tó yẹ kó dé, chip á sì sùn. Òun ló fi jẹ́ pé NVIDIA fúnra wọn, páwà 650 ni wọ́n ní kí ẹni tó bá ní 3070 lò, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ná ẹ lówó.

Mo tún fẹ́ kó o wo wáyà tó lọ sórí káàdì. Ojú ihò motherboard ń gbé 75 wáàtì, orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ń gbé 75, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ń gbé 150. Tó bá jẹ́ orí méjì ni káàdì ẹ ń gbà, tó sì jẹ́ wáyà kan ṣoṣo ló jáde láti inú páwà kó tó pín sí méjì, iná tó yẹ kí wáyà méjì pín gbé lo dì lé ẹyọ kan lórí. Tí páwà ẹ bá ní wáyà kejì, lò ó, kí orí kọ̀ọ̀kan ní wáyà tiẹ̀. Tó o bá wá rí i pé ẹni tó tà á fún ẹ ti fi adapter mú iná láti orí SATA, orí wáyà tó wà fún hard disk, pa kọ̀ǹpútà yẹn báyìí, torí orí SATA ò ṣe fún ohun tó ju bíi 54 wáàtì lọ ní 12V, jíjó ló máa jó. Mo tú irú ẹ̀ rí níbí ní Takie, oníbàárà ní No Signal ni, ó ti pààrọ̀ wáyà HDMI ṣáájú. Nígbà tí mo fẹ́ yọ orí páwà kúrò lára káàdì, kò fẹ́ jáde, rọ́bà ti yọ́ mú ẹsẹ̀ irin inú ẹ̀, ihò kan nínú mẹ́ta tó ń gbé 12V ti pọ́n di dúdú, tó o bá gbé e súnmọ́ imú òórùn ẹja tó ti bàjẹ́ ló ń run. Bí ẹsẹ̀ irin bá ti rí bẹ́ẹ̀, kì í di iná mú dáadáa mọ́, tí káàdì bá fà gidi, á gbóná, á sì tún fi kún bó ṣe ń gbóná. Nítorí náà yọ tìẹ kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀, kó o sì tẹ̀ ẹ́ padà títí á fi dún kẹ́. Lásìkò kan náà, yọ káàdì fúnra ẹ̀ kúrò lójú ihò ẹ̀, nu ẹsẹ̀ wúrà ẹ̀, dá a padà, kó o sì fi súkúrù dè é, 3070 wúwo, tó bá ti ń tẹ̀ sílẹ̀ lápá kan, ó lè má jókòó dáadáa.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí nípa iná ìta, torí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lálẹ́ tí gbogbo ilé bá tan iná, gílóòbù á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mi ò rò pé òun ni. Púpọ̀ nínú páwà tó dáa ń gba láti 100 dé 240 fóòtì, iná tó rẹlẹ̀ ò dá àwòrán dúró lára ẹ̀, àmọ́ páwà pọ́ọ́kú lè má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣèdíwọ́ ni stabilizer tó ń dún ta, ta, bó bá ń yí ìpele, iná ń já fúngbà kúkúrú nígbà tó bá ń dún bẹ́ẹ̀, páwà gidi lè fara dà á fún bíi ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà á kú tàbí kó tún ara ẹ̀ tàn. Ṣé o rí i? Tó bá jẹ́ iná ìta ni, gbogbo kọ̀ǹpútà ló máa lọ, kì í ṣe àwòrán nìkan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré I-better-pass-my-neighbour àti inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná ẹ̀ ò yí bíi ti ìjọba, àwọn yẹn ni mi ò ní í fi tan kọ̀ǹpútà gémù, torí páwà òde òní kì í fẹ́ràn ẹ̀.

Ká wá bọ́ sórí ooru. Gbé HWiNFO64 kalẹ̀, ètò tó ń wọn ooru àti iná inú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ní kó máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ sínú faili kó o tó wọ gémù, tí ojú bá ṣú, ìlà tó gbẹ̀yìn nínú faili yẹn á sọ bí ara káàdì ṣe gbóná tó kó tó lọ. RTX 30, ooru dígírì 93 ni NVIDIA fi ṣe òpin, kó tó dé ibẹ̀ gan-an á ti máa dín eré ẹ̀ kù fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ 68 tàbí 72 ló wà tó fi kú, má wulẹ̀ dá ooru lẹ́bi mọ́. Ṣùgbọ́n wo Hot Spot, ibi tó gbóná jù lórí chip, pẹ̀lú, tí òun àti ooru gbogbogbò bá jìnnà síra gan-an, bíi 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀, paste tó wà láàrin chip àti irin tó ń fà ooru ti gbẹ. Ọyẹ́ ibí ò sì dáríjì ẹnikẹ́ni, eruku pupa yẹn máa ń wọ àárín irin káàdì, á dì síbẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ ò ní í ráyè kọjá, fáànù á máa yí lásán. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, di fáànù mú kó má yí nígbà tó o bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Káàdì tòkunbọ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ló ti wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán tòru kí wọ́n tó dá wíwà ẹ̀ dúró ní oṣù kẹsàn-án 2022, tí wọ́n sì da káàdì wọn sọ́jà. Kì í ṣe gbogbo káàdì tó wa owó ló bàjẹ́ o, àwọn mìíì ṣì le koko, paste wọn àti pad, rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń gbé ooru lọ sára irin, ni kò bá wọn dé ibí.

Àdánwò tí mo fẹ́ kó o ṣe kó o tó na kọ́bọ̀ míì rèé. Tan Windows sí Safe Mode, níbi tí nǹkan díẹ̀ péré ti ń ṣiṣẹ́, kó o lo ètò DDU níbẹ̀ láti pa driver àtijọ́ rẹ́ pátá, fi tuntun sí i, kó o rí i pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò fi overclock kankan, ìyẹn mímú káàdì sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, sílẹ̀ lórí ẹ̀. Gbá gémù ogun. Tó bá tún ṣú, ṣí MSI Afterburner, ètò tí wọ́n fi ń darí káàdì, fa Power Limit, òpin iná tó lè fà, wá sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, káàdì á máa fà bíi 154 wáàtì dípò 220, kó o tún wá dá férémù dúró sí 60. Gbá gémù yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí kò bá ṣú mọ́, a ti mọ̀ pé ìgbà tó bá ń fà iná púpọ̀ ló ń kú, driver sì ti kúrò ńbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó yá páwà 650 tó dáa lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọ́n pọ̀ ní Under G tó ń gbá gémù, ìrọ̀lẹ́ kan péré lo nílò ẹ̀, dá Power Limit padà sí 100, gbá a. Wáyà tó bá páwà wá ni kó o lò pẹ̀lú ẹ̀, má fi wáyà páwà kan sínú òmíràn láyé ẹ, orí wọn jọra ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ inú wọn kì í ṣe bákan náà, ó lè jó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí gémù bá lọ láìṣú lórí páwà ọ̀rẹ́, páwà lo máa rà, má fọwọ́ kan káàdì.

Tó bá wá ṣú lórí páwà gidi ńkọ́, tí ara ẹ̀ tutù, tí driver mọ́, tó sì tún ṣú nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì? Ìgbà yẹn ni mo máa gbà pé káàdì ló ń ṣàárẹ̀. Mi ò lè sọ láti ibí bóyá mẹ́mórì ẹ̀ ni, tàbí àwọn tó ń pín iná lórí ẹ̀, ìyẹn fẹ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ láti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní òun á yan án lórí iná kó lè jí, má gbà fún un, ó lè jí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò ní í pẹ́ tó fi máa kú, ẹni tó bá sì rà á lọ́wọ́ ẹ láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn ni yóò jẹ gbèsè ẹ̀. Tí ọjọ́ tí oníṣọ́ọ̀bù fún ẹ láti dán an wò ò bá tíì pé, gbé e padà pẹ̀lú faili HWiNFO yẹn. Tó bá ti pé, káàdì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Power Limit 70 ṣì jẹ́ káàdì gidi, férémù tó o máa pàdánù ò tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún rárá, mo mọ àwọn tó ń lò ó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ò ráhùn.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ kó o ṣe fúnra ẹ ni kó o tú páwà sọ́pláì. Kàpásítọ̀ inú ẹ̀ ń tọ́jú iná tó tó 400 fóòtì, ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó o ti yọ ọ́ lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Síkà ara ẹ̀ nìkan ló kàn ẹ́. Ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ +12V sí, kó o kọ ìlà tó gbẹ̀yìn nínú faili HWiNFO ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ tó wà lára páwà yẹn, màá lè sọ fún ẹ bóyá kó o wá 650 tàbí kó o kọ́kọ́ pààrọ̀ paste.